Ẹrù Tí Nùréènì Kò Kó Lọ sí Ìkẹjà

Agboolé Olúgbénró,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Karùn-ún, 1958.

Nùréènì Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àtijọ́, mo sì kí ọ kú ìmúra ilé tuntun. Láídé ìyàwó mi ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kúrò ní Agége kò ní kọ bí ẹ bá dé Ìkẹjà. O ní omi ń jáde lára ògiri ilé tí ilé-iṣẹ́ yín fún yín, mo sì ti ń gbàdúrà kí ó má wó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn ti ògiri. Àlàáfíà ni àwa wà, àfi orúnkún mi, òun náà sì ti ń gbádùn láti ìgbà tí ẹrù rẹ ti dé.

Awakọ̀ lọ́rì já àpótí ẹrù tí o fi rán an sílẹ̀ láìfọ́ nǹkan kan. O ní kí n mú èyí tó bá wúlò, kí n da ìyókù nù, nítorí ilé tuntun kò gba pàǹtí. Pàǹtí kẹ̀! Òróró funfun inú ọ̀pá tí wọ́n ń fún nídìí, tó ń ta bí ata tó sì tún tutù, òun ni mo fi ń pa orúnkún. Kúbúrá aládùúgbò wa ní eyín ni òun rí nínú àwòrán ara ọ̀pá náà, mo ní ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti san ló ń rẹ́rìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì onírun tó wà pẹ̀lú abẹ ìfárùngbọ̀n rẹ, epo ni mo fi ń pa sí ewé mọ́ín-mọ́ín. Báàgì rọ́bà pupa onídèérí yẹn ńkọ́? Mo so okùn mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ apá lọ sí àsàlátù, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi kò gbọ́ wáàsí mọ́. Oyèdìran, télọ̀ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ní omi gbígbóná ni wọ́n ń rọ sí i, mo ní ta ni yóò rọ omi sínú báàgì? Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ há. Sílè tí mo jù sí i wọlé, kò jáde mọ́, mo wá gbà pé bí báńkì tí o ń sọ ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an rèé. Bàbá kékeré rẹ, Làsísì, rí àpótí náà, wọ́n ní ọmọ tó bá palẹ̀ mọ́ báyìí, tó kó ọṣẹ ìwẹ̀ àti ìgò oògùn ránṣẹ́ sílé, ó ti di ará Ìkẹjà, kò ní wálé mọ́. Wọ́n ní kí a gba yàrá bàbá rẹ olóògbé, tí mò ń gbá fún ọ láràárọ̀, kí ìyàwó wọn tuntun máa gbé ibẹ̀. Inú bí mi, Nùréènì. Baálé wa, Bàbá Àjíṣọlá, wá pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Jímọ̀.

Obì kò sí nílé, ni mo bá gbé agolo súìtì dúdú tí mo rí láàárín àwọn oògùn rẹ kalẹ̀ fún wọn. Oyèdìran ti kà á fún mi tẹ́lẹ̀ pé òyìnbó kọ ọ́ sára agolo náà pé ẹyọ kan ni kí àgbàlagbà jẹ, nígbà tó bá fẹ́ sùn. Mo ní ahun ni òyìnbó. Ta ló ń fi ẹyọ súìtì kan ṣe àlejò? Bàbá kékeré rẹ nìkan jẹ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n ń lá ìka. Ìpàdé ẹbí kì í sì í tán bọ̀rọ̀, a wà níbẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbà. Bàbá kékeré rẹ wá dìde, wọ́n ní ojú àwọn kò wọ yàrá o, ire ẹbí ni àwọn ń wá. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí ikùn wọn fi dáhùn. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Wọ́n ká agbádá, ó di ẹ̀yìnkùlé. Baálé ní kí a fọkàn balẹ̀, pé àwọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Làsísì kí àwọn tó pe ìpàdé. Áà! Baálé náà dìde. Ẹni tó bá ní ìpàdé kò tú, kó wá bá mi ka bàtà tí wọ́n fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ó tó yé Baálé: súìtì yìí kò fẹ́ irọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tó sì purọ́, ikùn rẹ̀ á tú u fó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi fún ẹjọ́ adìyẹ tó sọnù, ọkùnrin méjì sì ti jẹ́wọ́ kí wọ́n tó ṣí agolo rárá.

Baálé wá ní kí wọ́n fi yàrá sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n títí di Iléyá ni. Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá wá sùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó tuntun á wọlé.

Jọ̀wọ́, fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́, àti owó iṣẹ́ Oyèdìran, kí o sì fi sílè mìíràn dípò èyí tó wà ní báńkì. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ kò ní jẹ ọ́ lọ́wọ́, Láídé á gbé ọmọ pọ̀n nínú ilé olómi yẹn.

Ó ku ẹyọ súìtì kan. Lánàá, nígbà tí mo fẹ́ sùn bí òyìnbó ṣe wí, mo jẹ ẹ́, mo sì sọ ọ́ jáde gbangba pé bí Nùréènì kò bá lè wá ní Iléyá, kò ní dùn mí rárá. Láàárọ̀ yìí, mo ti sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi Oyèdìran sílẹ̀ nídìí lẹ́tà yìí títí ó fi ń rán ṣòkòtò dè mí.

Ó dùn mí, Àjàní. Wá sílé.

Èmi ìyá rẹ,
Sàídátù.