Èèrà Ìdí Kòkó

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024
Àáró bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta: Olúfẹ́mi, èmi, àti Bọ̀ọ̀dá Victor, ẹ̀gbọ́n mi tó rán mi níwèé. Oko ẹni tó bá kàn la jọ ń fọ́ kòkó rẹ̀. Ti Olúfẹ́mi la kọ́kọ́ ṣe. Bọ̀ọ̀dá mu kẹ́ẹ̀gì omi kan tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Olúfẹ́mi sọ wọ́n ní Kànga. Mo ní kó fọ́ kòkó rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9
Oko tèmi. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Bọ̀ọ̀dá lọ tọ̀. Mo kà á. Olúfẹ́mi ní ọ̀lẹ ló ń tọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọ́ ìpín Bọ̀ọ̀dá mọ́ tèmi.

Ẹtì, 11
Bọ̀ọ̀dá ń rù – wọ́n ti fi ìṣó lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì. Mo ń gbe omi dídùn tó ń ro lára kòkó fún wọn, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Kí agbára lè wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 14
Èèrà. Ìdí kòkó tí Bọ̀ọ̀dá ń tọ̀ sí lóko mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún èèrà. Ibi tí èmi ń tọ̀ sí kò ní ẹyọ kan.
Mo fi hàn wọ́n. Mo ní ká lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ní bí dókítà bá pè é ní àtọ̀gbẹ, á gba iyán lẹ́nu àwọn.
“Ará Èkìtì wo ni kì í jẹ iyán?”
Mo ní, “Èyí tó bá fẹ́ wà láyé.”

Ìṣẹ́gun, 15
Wọ́n ṣì kọ̀.

Ọjọ́rú, 16
Èébì. Mímí kíákíá. Ẹnu wọn ń rùn bí èso tó ti ń bà. Wọ́n fi orúkọ bàbá wa tó ti kú pè mí. Mo gbé wọn sẹ́yìn ọ̀kadà mi, mo fi ìró Àǹtí Miriam, ìyàwó wọn, so wọ́n mọ́ ara mi bí ọmọ. Ó di ọsibítù Ìjerò.
Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ. Nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí wọ́n ń mu. Mo sọ ti omi kòkó. Ó bèèrè ẹni tó ń fún wọn. Mo ní èmi ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 19
Bọ̀ọ̀dá ti mọ̀ mí. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tó sì ń tọ̀ ṣáá, ló ní àtọ̀gbẹ. Kíndìnrín lè fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lè fà á. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Mo ní èèrà ti sọ ọ́. Ó ní kí n má fi èèrà ṣe dókítà, àìsàn á ti wọra kí èèrà tó débẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21
Oko Bọ̀ọ̀dá ló kàn. Mo rò pé èmi nìkan ni mo máa fọ́ ọ. Mo bá Olúfẹ́mi níbẹ̀, ó ti fọ́ òkìtì kan tán. Kò dárúkọ Kànga. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ èèrà.
A fọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì omi. Ó ti gbẹ. Èmi ò tíì mu nínú rẹ̀.
Olúfẹ́mi ò wo ojú mi. “Èèrà yẹn, báwo ló ṣe rí gan-an?”
Mo ní kó bọ́ sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó ní ó di ọ̀la.
Mo yà sílé Àǹtí Miriam, mo tún gba ìró tí mo fi so Bọ̀ọ̀dá.