Bàtà Tí Mo Bọ́ Níwájú Mọ́gàjí

Bàbá mi àtàtà,

Orúkọ mi ti jáde lára àwọn tí ìjọba fẹ́ fún ní owó ìrànwọ́ ilé-ìwé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bọ́sárì ní yunifásítì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sáré sọ fún, kí n tó rántí pé ọdún kẹfà rèé tí ẹ ti lọ. Mo bá jókòó, mo mú bírò.

Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ Jímọ̀? Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ ó dì mí lọ́wọ́ mú láti Òkè Padre, ó di ilé Aláró ní Bẹ̀yẹ̀rúnkà, agbo ilé tí wọ́n bí yín sí. Oòrùn á máa ta, èmi á máa kùn. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà títí orúnkún mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Lẹ́yìn náà, ó di àgbàlá, níbi tí wọ́n sin bàbá yín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ẹ ó ní kí n bọ́ bàtà, ẹ̀yin náà á bọ́ tiyín, a ó wá máa fọwọ́ fa koríko orí sàréè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé wọn, èmi ń fa koríko.

Ọmọ ìpínlẹ̀ nìkan ló lè gba bọ́sárì yìí. Ìwé ẹ̀rí láti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọmọ onílùú, ìjọba ìbílẹ̀ ò sì ní fún èèyàn bí Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé rẹ̀ ò bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Mo gbé tèmi lọ. Mọ́gàjí tó mọ̀ yín ti kú. Kánò ni èyí tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń ṣòwò títí wọ́n fi pè é wálé. Ayálégbé ló kún inú ilé, àwọn àgbà tí mo ń kúnlẹ̀ kí ti lọ tán. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó ní òun ò mọ Làsísì kankan nílé Aláró. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin wo ilé, ẹ wá fi Làsísì, orúkọ bàbá yín, ṣe orúkọ ìdílé dípò Aláró. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yín ṣe nílé-ìwé, ṣùgbọ́n inú yín bí mi lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́. Láìsí owó yẹn, mi ò lè padà lọ ka ọdún kẹta.

Mọ́gàjí ò jágbe mọ́ mi o. Ó ní àwọn tí kì í ṣọmọ ilé tó ń wá gba ìbuwọ́lù ti pọ̀ jù, ilé Aláró kì í ṣe gáréèjì tí gbogbo èrò ń wọ̀. Ó mú mi lọ sí àgbàlá. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibẹ̀ pátápátá, kò sí sàréè, kò sí koríko. Kànga nìkan ló kù, wọ́n sì ti dé e lórí.

"Fi ibi tí bàbá bàbá rẹ sùn sí hàn mí."

Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí n tó ronú. Mo dé ẹ̀gbẹ́ kànga, mo bọ́ bàtà mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dúró. Mi ò tíì la ẹnu nígbà tí Mọ́gàjí wo ẹsẹ̀ mi tí kò wọ bàtà, tó na ọwọ́.

"Mú fọ́ọ̀mù wá. Ọmọ ilé nìkan ló mọ̀ pé à ń bọ́ bàtà níbẹ̀. Ọmọ wa ni ọ́."

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an. Ohun kan ṣì ń dùn mí. Jímọ̀ tí ẹ lọ sílé Aláró kẹ́yìn, ẹ pè mí, mo ní mo ń kàwé. Irọ́ ni, fóònù ni mo ń tẹ̀. Ẹ ò bá mi wí, ẹ dá lọ. Ta ló bá yín fa koríko lọ́jọ́ náà?

Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́gàjí. Mo mú àbúrò mi dání, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú yín mọ́. Ó kùn láti Òkè Padre títí a fi dé àgbàlá. Mo bọ́ bàtà mi, mo ní kó bọ́ tiẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Ọmọ yín, oníkùnsínú tí ẹ fi sùúrù tọ́.