Orúkọ Tí Ìyá Èjìdé Kì í Pè

Ọjọ́ Ajé, 14 Máàsì 1966. Pobè.

Ládiípọ̀ tún wá sí bírò lónìí. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí láti àárọ̀, fìlà lọ́wọ́. Bíríkìlà ni. Ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ lẹ́bàá Ìlárò ni wọ́n dáná sun lóṣù Kejìlá nítorí ọ̀rọ̀ ìbò. Ó gbé ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sá kọjá bọ́dà wá síbí, ní Dahomey. Àwọn tó sun ilé náà ṣì ń bi àwọn aládùúgbò pé níbo ló wà.

Oníkọ́ — ọ̀gá mi ni o, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé — ní kó máa lọ. Ó ní òfin tuntun ti là á: ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Dahomey, ọmọ Dahomey ni. Ẹni tí kò bá ti lè fi ìyẹn hàn, ọ̀nà bọ́dà ni tirẹ̀.

Towé níbí ni wọ́n kúkú bí bàbá rẹ̀! Ṣùgbọ́n bàbá ti kú, kò sì sí ìwé. Àfi ká wá ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́bọ̀, 17 Máàsì.

Mo lọ sí Towé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ bàbá náà ní kékeré: Ìyá Èjìdé, ìyàwó ilé wọn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó wo bàtà mi, ó ní ṣé bírò ni mo ń lọ àbí òde ijó. Ó ní nígbà tí wọ́n mú òun wọlé, ọmọ náà ń rákò lẹ́bàá ààrò. Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ìdí ọ̀pẹ tí wọ́n sin ibi-ọmọ rẹ̀ sí hàn mí. Òun ló pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn. "Ọkọ mi ni," ó ní. "Ọkọ tí mo gbé pọ̀n!" A rẹ́rìn-ín títí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Máàsì.

Mo tẹ ìwé ẹ̀rí náà: Fáṣínà, bàbá Ládiípọ̀, tí wọ́n bí ní Towé. Oníkọ́ fọwọ́ sí i. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí a bá dé iwájú adájọ́ ní Sakété lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò gbọdọ̀ lanu. Dákítílò, atẹ̀wé bí tèmi, ń kọ ni, kì í sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Máàsì.

Wòlíì wàásù títí. N kò gbọ́ ẹyọ kan. Ìṣẹ́gun ni mo ń rò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Máàsì. Sakété.

Ó bàjẹ́.

Adájọ́ wá láti Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ará òkè àríwá ni, kò mọ ìṣe wa. Ó béèrè orúkọ ọmọ tí Ìyá pọ̀n. Ìyá ní: "Adúmáadán." Adájọ́ wo ìwé. Fáṣínà ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣé ó mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Fáṣínà? Ìyá fi ìborùn bo ẹnu, ó wolẹ̀. Kò fọhùn. Basile ògbufọ̀, ohun tó bá gbọ́ nìkan ló ń túmọ̀.

Kí ni kó wí! Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Ìnagijẹ ló máa ń sọ ọ́. Màmá mi kò pe orúkọ àbúrò bàbá mi rí títí dòní. Mo mọ̀ ọ́n! Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Towé, Ìyá kò pe Fáṣínà lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu Ládiípọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo kàn tẹ̀ ẹ́ láìronú. Ìlà kan sì wà lórí ìwé náà fún ìnagijẹ. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Adájọ́ ní ẹlẹ́rìí èké ni. Ọ̀sẹ̀ kan ló fún wa. Bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ nígbà náà, àwọn ọlọ́pàá jándámù á kó Ládiípọ̀ àti ìdílé rẹ̀ dé bọ́dà.

Ọjọ́rú, 23 Máàsì.

Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Máàsì.

Mo bẹ Oníkọ́ pé ká tún ìwé náà ṣe. Ó ní ìwé tó ti dọ́wọ́ adájọ́, ó ti dọ́wọ́ adájọ́ nìyẹn. Ó ní bí mo bá lanu ní Sakété, kí n wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Èmi tí màmá mi ń wojú mi jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Máàsì.

Towé. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Èjìdé, mo bẹ̀ ẹ́ kó pe orúkọ náà. Ó ní: "Ọmọ mi, ọdún márùndínláàádọ́rin rèé tí mo ti wọ ilé yìí. N kò pè é nígbà tó wà láyé. Ṣé ìgbà tó kú tán ni kí n wá máa rí i fín?"

Ládiípọ̀ sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ní: "Tàǹtí, ẹ má fipá mú wọn." Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù.

Ọjọ́ Ajé, 28 Máàsì.

Ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́la mà á dìde, mà á sọ ọ́. Kí Oníkọ́ lé mi. Mà á dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Máàsì. Sakété.

Adájọ́ tún béèrè orúkọ ọmọ náà lọ́wọ́ Ìyá. Oníkọ́ wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo ní kí n ka ení dé ẹ̀ta kí n tó dìde. Mo ka ení. Mo ka èjì.

Ìyá Èjìdé bọ́ bàtà, ó tú gèlè. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí adájọ́, ọ̀nà Towé ló kọjú sí. Ó ní: "Fáṣínà." Ẹ̀ẹ̀kan péré, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ké háà. Ládiípọ̀ fi fìlà bojú.

Adájọ́ ní ó dáa, ó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tíì ka ẹ̀ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Àfírìlì. Towé.

Ìwé jáde. Ládiípọ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Dahomey. Èmi ni mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n gbé mi mọ́ra, wọ́n ń dúpẹ́, ara mi ń gbóná fún ìtìjú.

Ìyá Èjìdé wà ní yàrá. Wọ́n ní láti Ìṣẹ́gun ni kò ti bá àwọn ìyàwó ilé yòókù jẹun. Ó ní kí n fi ibi tí orúkọ náà wà han òun. Mo fi ìka rẹ̀ lé e. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó ní: "Adúmáadán ọkọ mi, má bínú. Nítorí ọmọ rẹ ni."

Ó wá gbójú sókè wò mí. "Ìwọ tí o jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé o mọ̀ pé n kò lè pè é?"

Mo ní: "Mo mọ̀, Ìyá."

Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mo bu òkèlè kan. Mo dá a padà sínú àwo.