Àwo Tánganran Tí Kò Jẹ́ Kí N Wálé

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ ki yín láti ìlú Atakpamé níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Múfú tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ń kánjú kà á, ẹ ní kó rọra, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀.

Òtútù mú níbí. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí òjò ti ń rọ̀, aṣọ tí mo fọ̀ kò tíì gbẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kùrukùru a bo gbogbo orí òkè, mi ò ní rí ilé tó wà nísàlẹ̀ wa títí ìyálẹ̀ta.

Màmá Ablá tí mo máa ń dárúkọ fún yín lórí fóònù ti kú, ó pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọmọ Ifẹ̀ ìhà ibí ni, Àgùdà paraku. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń sọ èdè tiwọn, èmi náà ń sọ tiwa, ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ara wa kò ju àbọ̀ lọ. Àbọ̀ yókù, ẹ̀rín la fi ń dí i. Ọdún méje gbáko ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́.

Ọkọ rẹ̀ ṣe kúùkù láyé àtijọ́ fún òyìnbó Faransé kan tó ń ṣàbójútó rélùwéè. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó kó àwo tánganran tó fi ń jẹun fún un: àwo pẹrẹsẹ, àwo kòtò, ife tíì pẹ̀lú àwo kéékèèké tí wọ́n ń gbé e lé, àti abọ́ ọbẹ̀ ńlá kan tó ní ìdérí. Funfun ni wọ́n, òdòdó aláwọ̀ aró wà lára wọn, wọ́n sì fi góòlù yí etí wọn po. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n ń gbé. Ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú wọn rí. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti Màmá a kó wọn sílẹ̀, a ó fi kànìnkàn àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí wọn yóò fi máa dán, a ó sì tò wọ́n padà.

Nígbà tí ikú kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá ránṣẹ́ sí Dáà Akúvì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lomé. Dáà ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí. Lójú èmi àti rẹ̀ ni Màmá ti sọ pé ilé jẹ́ ti àwọn ọmọ òun, àwo sì jẹ́ tèmi, nítorí ọwọ́ èmi ló ń fọ̀ wọ́n. Dáà Akúvì ní òun ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Kọ̀jó, àbúrò Dáà Akúvì tó ń ṣe tíṣà ní Notsé, da àwo kan délẹ̀, ó fi fóònù ya fọ́tò àmì tó wà nídìí rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi sáré padà dé. Ó ní òun rí irú rẹ̀ lórí fóònù, pé wọ́n ń tà á nílùú òyìnbó ní iye tó lè ra ilẹ̀. Ìyá mi, láti ọjọ́ náà ni ojú gbogbo wọn ti yí padà sí mi.

Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé àwo kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo wa mọ iye tó tó ná. Dáà Akúvì fi àgádágodo ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Lomé. Wọ́n ní kí èmi máa ṣọ́ ọ títí àwọn yóò fi rí ẹni tó mọ iye rẹ̀. Bí mo bá fi ilé sílẹ̀ kó tó dìgbà náà, mo ti kọ ẹ̀bùn náà nìyẹn. Bí ọ̀kan bá sì sọnù, ọwọ́ mi ni wọn yóò ti bèèrè.

Bí mo ṣe di ẹni tí àwo so mọ́lẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń din gàrí lẹ́bàá ilé wa. Ohun tó ń fún mi ni mo ń jẹ. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ọkàn mi kò ní balẹ̀ mọ́, mo ti rò pé ẹnìkan ti fọ́ gíláàsì nìyẹn, ni mo fi máa ń sáré wálé. Obìnrin onígàrí náà pè mí pé kí n bá òun lọ sí Elavagnon, kí a lọ sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì ká fi ra ẹ̀gẹ́. Mo ní mi ò lè lọ. Ó wò mí títí, ó ní ṣé àwo ló ń ṣọ́ mi ni àbí èmi ni mò ń ṣọ́ àwo. Èmi nìkan ni mo ń jẹun nínú pálọ̀, tí mo kọjú sí wọn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn tí ewé tútù wà níwájú rẹ̀ tí okùn kò dé ibẹ̀.

Inú ipò yìí ni mo wà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá pè pé ẹ ṣubú lẹ́yìnkùlé, pé ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa, pé orúkọ mi lẹ ń pè. Mo pe Dáà Akúvì. Ó ní kò sẹ́ni tó dè mí, kí n máa lọ, ṣùgbọ́n àwo kò ní dúró dè mí. Mo di ẹrù mi. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Mo tún gbé e padà wọlé.

Lóṣù yìí ni Dáà Akúvì wá, tó ní òun ti rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní Lomé. Ìró aṣọ Màmá la fi wé àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí itan ni mo gbé abọ́ ọbẹ̀ lé nínú takisí. Bí a ṣe kọjá Glei, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bọ́ sí, àyà mi ni ó bọ́ sí. Kọ̀jó wọkọ̀ bá wa ní Notsé, ó sì ń sọ irú ilé tí òun fẹ́ kọ́. Mi ò bá a wí, nítorí èmi náà ń kọ́ tèmi nínú.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ohun àtijọ́ la bá nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Lomé. Kò kánjú. Ó fi èékánná ta àwo, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Ó gbé e sójú iná, a rí òjìji ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn àwo, ó ní tánganran gidi ni. Inú wa dùn. Ó wá da gbogbo wọn délẹ̀, ó fọwọ́ pa etí wọn. Ó bèèrè ohun tí a fi ń fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo dáhùn, ó mí kanlẹ̀: ó ní kànìnkàn ti ha góòlù náà tán. Ó ní ìdérí abọ́ ọbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá abọ́ náà, pé ife ti sán. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye irú rẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó tó jogún wọn pàápàá kò fẹ́ wọn. Kọ̀jó na fóònù sí i. Ìyá náà ní iye tí ẹnìkan ń bèèrè nìyẹn, kì í ṣe iye tí ẹnìkan san.

Iye tó ní òun lè san lórí gbogbo wọn, ó lè gbé mi dé Ṣakí, kó sì ra bàtà kan fún yín.

Kọ̀jó bọ́ síta. Dáà Akúvì ló yà mí lẹ́nu. Ó mú àwo kan tí etí rẹ̀ ti gé, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun lòun gé e lọ́mọdé, pé lọ́jọ́ náà ni bàbá òun fi pàṣán na òun tí kò sì bá òun sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, pé láti ìgbà náà òun ò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Mo ní kó máa mú un lọ. Ó ní kí n ta ìyókù, kí n lọ wo ìyá mi. Mo tà wọ́n.

Ìyá mi, ọjọ́ kẹfà rèé. Owó ọkọ̀ wà lápò mi, kò sí ẹni tó tì mí mọ́lé, síbẹ̀ mi ò tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo sọ fún yín pé mo ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, pé Màmá Ablá ni onílé mi. Irọ́ ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù inú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ti ẹlòmíràn ni. Ńṣe ni mo bẹ ẹni tó ni ín pé kó jẹ́ kí n dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Àwo náà ni mo fẹ́ tà kí irọ́ mi lè di òótọ́ kí n tó dé. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá pè pé ẹ ṣubú, mo sunkún, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn díẹ̀ pé àgádágodo wà, pé mo rí nǹkan sọ. Ẹ foríjì mí.

Mo ti fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ṣakí níbí ní ẹ̀dà ìwé yìí. Bí gbogbo ayé bá ti kà á, mi ò ní ibi tí mo lè sá sí mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó bá tẹ̀lé ọjọ́ tó bá jáde ni n ó wọkọ̀. Ẹ má pe ẹbí jọ, ẹ má pa adìyẹ. Ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí ẹ fi fọ́tò náà hàn, kó kà á fún wọn. Ojú yín nìkan ni mo lè dúró níwájú rẹ̀ bí mo ṣe wà. Ní tiwọn, kí wọ́n ti mọ̀ kí n tó dé.

Ọlọ́run yóò fún ẹsẹ̀ yín lókun, ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún wa. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará òde, àti ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

Èmi ni Rísíkátù, ọmọ yín.