Ìgbésí Ayé Ìyá Ẹ-Tilẹ̀kùn, Olùtọ́jú Yàrá Òtútù

Ní ọdún 1951 ni a bí màmá wa, sínú ilé kékeré kan létí ọgbà ẹ̀fọ́. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Nínú gbogbo ọmọ tí àwọn òbí náà bí, Màmá nìkan ló yè. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà kí ikú bàbá wọn tó dá wọn padà sílé.

Ní 1972 ni Màmá fẹ́ bàbá wa, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbaṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ẹ̀fọ́ pamọ́ sínú òtútù di ọjọ́ ọjà. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wòran, ohùn Màmá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: "Ẹ tilẹ̀kùn! Àbí gbogbo àdúgbò lẹ fẹ́ fi òtútù wa tù lára ni?"

Wọn kì í gba kábéèjì tí ooru oko ṣì wà lára rẹ̀ wọlé; abẹ́ ìbòòji ni yóò kọ́kọ́ wà. Wọn kì í kó tòmátì pípọ́n mọ́ ẹ̀fọ́ ewé, kí ewé má baà tètè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó bá sì ti fara gbọgbẹ́, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀: "Ìwọ, ìkòkò ọbẹ̀ ń pè ọ́."

Nígbà ìkórè ọdún 1988, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù dákẹ́. Bàbá gbé ọkọ̀ wọn láti lọ mú atúnẹ̀rọṣe wá. Ọkọ̀ náà dojú dé lọ́nà, Bàbá kò sì padà wálé mọ́. Màmá ń fi àpò tútù bo kárọ́ọ̀tì lábẹ́ ìbòòji nígbà tí àbúrò Bàbá mú ìròyìn náà dé. Wọn kò sunkún, wọn kò sì dáwọ́ dúró.

Àbúrò Bàbá ní, "Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá dáhùn pé, "Ohun tí ọkọ mi tìtorí rẹ̀ jáde nìyí. Ṣé kí èyí náà tún bàjẹ́ ni?"

Ìgbà tí wọ́n bo agbọ̀n tó kẹ́yìn tán ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ńṣe ni àbúrò Bàbá gbé wọn wálé. Ìkórè àwọn àgbẹ̀ kò ṣòfò. Òfò náà, ilé wa ló wọ̀.

Màmá kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Iṣẹ́ yàrá òtútù yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa, ara wọn ló sì jìyà rẹ̀: oríkèé ìka wú, ikọ́ kò sì kúrò láyà wọn. Síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí a ti ń tọ́jú irè oko. Àga ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí nílé àdúrà, wọn kì í sì í gbàdúrà fún ara wọn.

Nígbà tó yá, ìka wọn kò lè di síbí mú mọ́. Àbígbẹ̀yìn wọn ló ń bọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti gba òkèlè, wọ́n á kọjú sí ògiri, nítorí ojú ń tì wọ́n. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, wọ́n yí ojú sí ògiri náà, wọn kò sì yí i padà mọ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: olùkọ́, télọ̀, awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti àbúrò Bàbá.

Màmá, iṣẹ́ ti tó. Ẹ na ẹsẹ̀ yín gbọọrọ, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Ẹ sùn re o.