Àbúrò Mi Ló Máa Wa Katakata Náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni kí ẹ máa pè mí.

Pápá tó wà láàárín àdúgbò wa, tí òfin ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí, káńsẹ́lọ̀ wa ti tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní igbó lásán ni. Igbó kẹ̀! Abẹ́ igi inú igbó yẹn náà kọ́ ló dúró sí, tó ń làágùn, tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa? Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Àwa obìnrin àdúgbò ti pinnu pé a máa lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àṣé àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni àwọn tó ra pápá náà gbà síṣẹ́ láti wa katakata tó máa ro ó lọ́jọ́ náà! Mo bi í pé, "Ṣé o máa wà á gorí mi ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà má jókòó síwájú."

Iwájú gan-an ni màá jókòó sí! Ìyá wa wá ń bẹ̀ mí pé tí katakata bá ti dé, kí n dìde, kí n má ba iṣẹ́ àbúrò mi jẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá a: nínú èmi tí mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ àti òun tó fẹ́ jókòó sórí katakata, ta ló yẹ kó dìde?