Ìkíni Kọ́ńsù sí Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, orí tìmùtìmù ni mo kúnlẹ̀ sí, ẹ má bínú.

Yìnyín ń bọ́ láti àárọ̀. Ó ti bo mọ́tò, ó ti bo àtẹ̀gùn, ó kù díẹ̀ kó bo igi kékeré tó wà níwájú ilé wa ní Woodridge, ní Amẹ́ríkà níbí. Nígbà tó bá rí báyìí, tí ohunkóhun ò dún, ó máa ń ṣe mí bíi pé abẹ́ omi ni mo wà. Bíi pé tí mo bá rìn síwájú díẹ̀, màá kan ìdí igi ìyeyè wa, màá bá yín lórí àga yín, pákò lẹ́nu, fìlà abetí ajá lórí.

Súlè àbúrò mi kọ̀wé. Alhaji kan tó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Bolingbrook ló bá a mú un wá. Ìwé títẹ̀ kan wà nínú àpò náà pẹ̀lú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ńlá tí ìjọba kó wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n sé odò, tí omi bo Ìdí-Ìyeyè. Wọ́n ní kí àwa tí a ti ibẹ̀ wá gbà pé ọmọ ìlú àwọn ni wá báyìí, kí oyè Baálẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ parẹ́, kí orúkọ abúlé wa sì kúrò nínú ìwé ìjọba. Ìdílé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i yóò gba ilẹ̀ ìkọ́lé kan. Gbogbo àwọn àbúrò mi ti fọwọ́ sí i. Èmi àkọ́bí nìkan ló kù, Alhaji sì ní òun ń padà sílé ní Sátidé.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Mi ò kì í fojú di ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà ni mo ti ń wá ibi tí màá kọ́ ilé sí. Ọjọ́ tí ìwé náà dé, bírò ti wà lọ́wọ́ mi kí mọ́tò tó fọn fèrè níta pé iṣẹ́ yá.

Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, torí lẹ́yìn ikú yín ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mò ń se oúnjẹ, mo sì ń tún ilé ṣe fún bàbá arúgbó kan ní Chicago. Kọ́ńsù ni wọ́n. Ìlú wọn rán wọn wá síbí ní ọ̀dọ́ láti máa ṣojú fún un. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, létí òkun tútù kan. Àwọn ará Rọ́ṣíà gbé e mì nígbà ogun àgbáyé ìkejì, wọn ò sì pọ̀ ọ́ títí di ọdún 1986 tí a wà yìí. Amẹ́ríkà ò gbà pé ó tọ́, ni wọ́n bá fi Bàbá Kọ́ńsù sílẹ̀ sórí àga wọn. Ìjọba tó rán wọn níṣẹ́ ò sí mọ́, Bàbá Kọ́ńsù ò sì yéé jẹ́ iṣẹ́ náà.

Yàrá méjì nínú ilé wọn ni ọ́fíìsì. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, Bàbá Kọ́ńsù á ti so táì, wọ́n á jókòó ti fóònù tí kì í dún. Àwòrán ayé kan wà lára ògiri tí ìlú wọn ṣì ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ ewé, bíi pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà mìíràn ìyá arúgbó kan lára àwọn ènìyàn wọn á wá, á ti kun ètè, á ní kí wọ́n bá òun sọ páásípọ́ọ̀tù òun di ọ̀tun. Bàbá á bi í níbi tó ń lọ. Á ní, "Ilé." Bàbá ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ gbàà, wọ́n á jọ mu tíì, ìyá náà á wọ bọ́ọ̀sì padà sí òpópónà kejì.

Ìyá Rìṣí, ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń bá wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí kọ́ńsù yín fún wa ní fisà, ká lọ lo họ́lidé níbẹ̀."

"Wa mọ́tò rẹ, ìwọ obìnrin yìí. Wọ́n ń sanwó mi lásìkò."

"Ta ló ń san tiwọn fún wọn?"

Èmi náà ti rò ó títí. Iná, gáàsì, íǹkì, àsíá, gbogbo rẹ̀ nítorí ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé. Lójú mi, òfò ni.

Bí mo ṣe rò ó nípa tiyín náà nìyẹn. Ẹ rántí Iléyá yẹn, ní ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó wa sí? Ẹ ní kí n mú ìwé orúkọ yín wá, kí n kọ ọmọ tuntun tí ìyàwó Làmídì ará abúlé wa bí mọ́ àwọn ará Ìdí-Ìyeyè. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo èrò pé, "Bàbá, ẹja nìkan ló kù níbẹ̀ tí ẹ ń jẹ Baálẹ̀ lé lórí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn fi ọwọ́ tún fìlà yín ṣe. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn bá yín wọ ilẹ̀ ni, Bàbá?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àjọ̀dún òmìnira ìlú Bàbá Kọ́ńsù. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà ń bọ̀, ọkàn wọn ò sì balẹ̀. Bó bá rí i pé àwọn ti gbó jù, ó lè ní kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, kò sì sí ìjọba nílé tó lè rán ẹlòmíràn wá. Wọ́n gbé àsíá fún mi pé kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́.

Èmi ọmọ yín, kí ni mo mọ̀? Aṣọ iyì ni wọ́n gbé fún mi. Mo ra gbágùúdá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò, mo rin ín, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo fi omi gbígbóná ro sítáàṣì rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe sí fìlà àti agbádá yín láàárọ̀ Iléyá. Mo ki àsíá bọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́ títí tó fi ń dún pàkàpàkà.

Ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Àsíá Amẹ́ríkà tó wà ní ilé kejì wọ́ mọ́ òpó bí aṣọ tó tutù. Ti Bàbá Kọ́ńsù nà síta gbọnrangandan bíi pátákó. Àwọn àlejò wọn, wọn ò pọ̀, àgbààgbà ni gbogbo wọn, dúró nínú yìnyín, wọ́n ń wò ó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin ìjọba ní, "Kọ́ńsù, kí ló ṣe àsíá yín?"

Bàbá wo àsíá, wọ́n wò mí.

"Ó ti sú u láti máa dúró de afẹ́fẹ́."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ nínú òtútù títí wọ́n fi kọ orin ìlú wọn tán. Nígbà tó ń lọ, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá Kọ́ńsù tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnnì. "Kí lo fi sí i?"

"Gbágùúdá, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Aṣọ bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ."

"Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?"

Ẹnu mi fẹ́ sọ pé àgbẹ̀. "Baálẹ̀ ni wọ́n."

"Ti ìlú wo?"

"Ìdí-Ìyeyè. Omi ti bò ó."

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. Wọ́n tún táì wọn ṣe, bí ẹ ti ń tún fìlà yín ṣe gẹ́lẹ́, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ti bọ ọkùnrin ìjọba lọ́wọ́.

"Bá mi kí ẹlẹgbẹ́ mi."

Mi ò sọ fún wọn pé ẹ ti kú. Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn: Kọ́ńsù kí yín o.

Ilẹ̀ náà ń dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Súlè ní ojú ọ̀nà ni. Mo ti mọ ibi tí ǹ bá gbẹ́ kànga sí. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ mo tún mú bírò. Ibi méjì ló ṣófo nínú ìwé wọn, ibi tí a ó kọ ìlú ẹni sí àti ibi tí a ó fọwọ́ sí. Mo kọ Ìdí-Ìyeyè sí ti àkọ́kọ́, gàdàgbà gàdàgbà. Mo fi èkejì sílẹ̀. Alhaji ti gbé e lọ lánàá. Súlè á bú mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá ìwé orúkọ yín nínú àpótí, kó kọ ọmọ-ọmọ mi obìnrin sí i, èyí tí wọ́n bí síbí.

Yìnyín ò tíì dá. Mi ò rí òpópónà mọ́. Ṣé ibẹ̀ náà dákẹ́ báyìí? Ṣé àga yín ṣì wà nídìí ìyeyè? Tí mo bá ń bọ̀, màá ro sítáàṣì wá fún fìlà yín.

Èmi ni,
ọmọ Baálẹ̀ Ìdí-Ìyeyè.